Ẹ̀rọ Tí A Fi Owó Wa Rà, Ta Ni Ó Ni Ín?

Bí àgbẹ̀ kan bá ra àdá lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, tí ó délé, tí ó yọ èèkù tí alágbẹ̀dẹ fi sí i, tí ó sì fi èyí tí òun tìkára rẹ̀ gbẹ́ rọ́pò rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Àdá ti di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ayé kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tò wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì fi ètò tí ilé-iṣẹ́ Apple ṣe fún ẹ̀rọ Macintosh tirẹ̀ nìkan sínú wọn. Hackintosh ni orúkọ tí wọ́n sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo wa: ohun tí a fi owó wa rà, ta ni ó ni ín?

Kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí á là á yé ara wa. Kọ̀ǹpútà ní ara, ó sì ní ẹ̀mí. Ara rẹ̀ ni irin, pátákó àti wáyà tí a lè fi ọwọ́ kàn. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ètò tí ń darí rẹ̀, èyí tí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wa, tí ó sì ń jíṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa ṣe ara, wọn a sì gba ẹ̀mí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Apple ní tirẹ̀ gbà pé ẹni tí ó ṣe ara ni ó yẹ kí ó ṣe ẹ̀mí, kí ẹnikẹ́ni má sì yà wọ́n nípá.

Ohun ìyàlẹ́nu ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Apple ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1976 ni Steve Jobs, Steve Wozniak àti Ronald Wayne dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, tí wọ́n pè ní Apple I, kò ju pátákó kan ṣoṣo lọ. Dọ́là 666.66 ni iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò wá àpótí tí yóò fi í sí. Òun ni yóò wá ohun tí yóò máa fún un ní iná. Òun náà ni yóò wá àtẹ bọ́tìnnì àti ojú ìwòran. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ tí Apple ní jẹ́ ènìyàn tí ń fi ọwọ́ ara wọn parí ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. Ètò kékeré tí ń jí ẹ̀rọ náà lójú oorun ni IBM fi ṣe àdáni. Ilé-iṣẹ́ Compaq, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Texas ní ọdún 1982, kọ irú ètò náà ní tuntun láìda ti IBM kọ, òfin kò sì rí wọn mú. Báyìí ni irú ẹ̀rọ IBM ṣe di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Macintosh jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1984, tí wọ́n ń tà á ní dọ́là 2,495, ara àti ẹ̀mí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra ṣinṣin. Apá pàtàkì nínú ètò rẹ̀ ni wọ́n ti kọ mọ́ inú ẹ̀rọ náà gan-an. Ọpọlọ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Motorola ṣe, kò sì gbọ́ èdè ọpọlọ Intel tí ó wà nínú ẹ̀rọ IBM.

Ìgbà méjì ni Apple fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ní ọdún 1992, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ Novell pawọ́ pọ̀, wọ́n sì mú kí ètò Macintosh ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ Intel. Ní ọdún 1993, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ní ọdún 1995, Apple fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí Power Computing jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní ìwé-àṣẹ láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa lo ètò rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn dára, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ni àwọn oníbàárà Apple bá ń ya lọ sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Steve Jobs, tí ó ti kúrò ní Apple láti ọdún 1985, padà dé ní ọdún 1997, ó fi òpin sí àṣẹ náà.

Ṣùgbọ́n Jobs kò padà ní ọwọ́ òfo. Lẹ́yìn odi Apple ni ó ti dá ilé-iṣẹ́ NeXT sílẹ̀, ètò tí NeXT ṣe sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ Intel kí Apple tó ra ilé-iṣẹ́ náà. Láti inú ètò yìí ni wọ́n ti fa Mac OS X yọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 2001. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2005, Jobs dìde níwájú àwọn tí ń kọ ètò fún Macintosh ní San Francisco. Ó jẹ́wọ́ pé láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni àwọn ti ń ṣe Mac OS X fún ọpọlọ Intel ní bòókẹ́lẹ́, ó sì kéde pé ọpọlọ Intel ni Macintosh yóò máa lò láti ìgbà náà lọ. Ara Macintosh wá di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sí ara kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìgboro. Ilẹ̀kùn ṣí, Apple ni ó sì ṣí i.

Kí ọdún 2005 náà tó parí, ẹ̀dà ètò tí Apple fún àwọn akọ̀wé-ètò fún ìdánwò ti jò bọ́ síta, àwọn kan sì ti mú un ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lásán. Ni Apple bá fi àgádágodo kún àgádágodo. Bí ètò náà bá ń jí, yóò bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ ègé kékeré kan tí ó wà nínú Macintosh tòótọ́. Bí kò bá rí ìdáhùn, kò ní ṣiṣẹ́. Apá kan wà nínú ètò náà tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí a má ṣe jí Mac OS X. Wọ́n tilẹ̀ fi ewì pamọ́ sínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń tú u wò. Àwọn tí ń to ẹ̀rọ náà wá kọ ètò kékeré tí ó dà bí ògbufọ̀: òun ni yóò kọ́kọ́ jí, òun ni yóò dáhùn ìbéèrè tí Mac OS X bá béèrè, tí yóò sì júwe ara àjèjì fún un bí ẹni pé ara Macintosh ni. Ní ọdún 2008, wọ́n ti rí ọ̀nà tí a fi lè lo ẹ̀dà tí a rà ní ìsọ̀ láìyí ohunkóhun padà lórí rẹ̀. OpenCore, tí ó jáde ní ọdún 2019, ni ó wá gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ògbufọ̀ wọ̀nyí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé iṣẹ́ náà rọrùn? Rárá o. Láti ọjà ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀yà ara tí kò jọ ti Macintosh, wàhálà ni ó fi owó rà. Nígbà tí ètò ọdún 2018, tí a pè ní Mojave, dé, púpọ̀ nínú àwọn káàdì àwòrán Nvidia tuntun kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ lè jí láìní ohùn. Ó lè sùn, kí ó má sì jí mọ́. Ó lè dúró gbagidi lórí àmì èso tí a gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó má lọ síwájú, kí ó má padà sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí Apple bá sì tún ètò rẹ̀ ṣe ni ohun tí ó dára lánàá lè bàjẹ́ lónìí.

Kí ni ọlọ́gbọ́n ń ṣe nígbà náà? Kì í bínú lu ẹ̀rọ. Yóò pàṣẹ fún un kí ó máa kọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe sí ojú ìwòran bí ó ti ń jí. Ìlà tí ó bá kọ kẹ́yìn kí ó tó dúró a sì máa tọ́ka sí ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ. Ohun kan ṣoṣo ni yóò yí padà, yóò dán an wò, yóò kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan òmíràn. Yóò fi ẹ̀dà èyí tí ó ti ń ṣiṣẹ́ pamọ́ síbòmíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ǹjẹ́ kì í ṣe ọ̀nà ìwádìí tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa nìyí?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ojú òfin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Psystar ní ìpínlẹ̀ Florida bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tí ó lè lo Mac OS X ní dọ́là 399. Ní oṣù Keje, Apple pè wọ́n lẹ́jọ́. Psystar jiyàn pé ẹni tí ó ra ẹ̀dà ètò ní ẹ̀tọ́ láti lò ó bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n Adájọ́ William Alsup rí i pé láti orí ẹ̀dà kan ni wọ́n ti ń da ètò náà kọ sínú ẹ̀rọ púpọ̀, àti pé wọ́n ti yí i padà, wọ́n sì já àgádágodo rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ó dá Apple láre. Ní ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, ó sì là á yé wọn pé Apple kò ta ètò rẹ̀, àṣẹ láti lò ó lórí ẹ̀rọ Apple ni ó ń fúnni.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí já sí: ẹni tí ó rò pé òun kọ́lé ni, ayálégbé ni lójú òfin. Àwíjàre wà fún onílé náà. Apple ni ó náwó tí ó nára kí ètò yìí tó wáyé, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn máa kórè níbi tí kò fúnrúgbìn sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ayálégbé pẹ̀lú. Ó ti sanwó, kò tún ètò náà tà fún ẹnikẹ́ni. Inú yàrá rẹ̀ ni ó ti fẹ́ mọ bí ara àti ẹ̀mí ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí kò gbà fún un, ó sì yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé ohun tí Psystar ṣe, òwò ni. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tú ẹ̀rọ wò ń ṣe, ẹ̀kọ́ ni. Òfin tí kò bá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì yóò fi ìmọ̀ ṣòfò.

Ilẹ̀kùn náà ti ń padé báyìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2020, Apple kéde pé ọpọlọ tí òun ṣe fúnra rẹ̀ ni Macintosh yóò máa lò; ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn àkọ́kọ́ jáde. A kò lè rí irú ọpọlọ yìí rà lọ́tọ̀ ní ọjà kankan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Apple tún sọ pé ètò tí a pè ní Tahoe ni yóò jẹ́ ìkẹyìn fún Macintosh tí ó ní ọpọlọ Intel. Ọwọ́ tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 2005 náà ni ó ń tì í.

Ẹ̀yin olùwòran wa, ilé-iṣẹ́ tí ó ti ta pátákó lásán fún àwọn tí yóò parí rẹ̀ fúnra wọn ni ó ń ta àpótí tí ẹni tí ó rà á kò gbọdọ̀ bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí kọ̀ǹpútà. Tẹlifóònù apò wa ń bẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tí ń tà léèrè: ṣé ilé ni ẹ ń tà fún mi, tàbí yàrá ni ẹ fi ń háyà? Ó dìgbà kan ná o.