Bí píkọ́ọ̀pù Peugeot bá padà dé, ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ àgbẹ̀ ilẹ̀ Okun?

Kò sí àgbẹ̀ àgbà kan ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, tí kò mọ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504. Ọkọ̀ yìí ni ó ń wọ ọ̀nà oko tí bọ́ọ̀sì kò lè wọ̀, òun ni ó sì ń kó iṣu, kajú àti kókó jáde wá sí ọjà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù Peugeot tuntun fi kan àwọn ará Okun gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ náà bá gbé wá ni yóò sọ bóyá àgbẹ̀ ni yóò jẹ́ tirẹ̀, tàbí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì nìkan ni yóò máa gbé kiri.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1979. Ilé-iṣẹ́ PAN, tí wọ́n ṣí ní Kaduna lóṣù Kẹta ọdún 1975, ni ó ń to 504 pọ̀ ní Nàìjíríà títí di nǹkan bí ọdún 2006. Wọ́n ṣe píkọ́ọ̀pù náà ní oníbẹntiróòlù, lítà 1.6 àti 1.8, wọ́n sì ṣe onídísẹ̀lì lítà 2.3 pẹ̀lú. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú kábúrétọ̀ rẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hilux, pàápàá èyí tó jẹ́ tòkunbọ̀, gba ojú ọ̀nà. Peugeot gbìyànjú láti padà ní 2017 pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù onídísẹ̀lì lítà 2.5, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Dongfeng ti ilẹ̀ Ṣáínà ni. Orúkọ Peugeot ni wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 2020 ni Landtrek jáde, èyí tí Peugeot àti Changan, tí òun náà jẹ́ ti Ṣáínà, jọ ṣe. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ DPAN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna ní 2022, Landtrek wà lára àwọn ọkọ̀ tó ní òun yóò máa tò. Dangote, Stellantis àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna òun Kebbi ni wọ́n jọ ni DPAN. Dangote kì í sì í ṣe àjèjì sí ará Kàbà: òun ló ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Obajana, òun náà ló fi kọnkéré ṣe ọ̀nà Obajana sí Kàbà, kìlómítà 43.

Ẹ́ńjìnnì méjì ni Landtrek ní nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ti dísẹ̀lì jẹ́ lítà 1.9, agbára ẹṣin 150, agbára ìfà rẹ̀ sì jẹ́ 350 Newton-mítà. Ti bẹntiróòlù jẹ́ lítà 2.4, agbára ẹṣin 210, agbára ìfà 320. Ẹni tó bá wo agbára ẹṣin nìkan yóò ní bẹntiróòlù ló borí. Ṣùgbọ́n agbára ẹṣin wúlò fún eré lórí ọ̀nà tó dán. Agbára ìfà ni ó ń gbé ẹrù iṣu gun òkè. Ti dísẹ̀lì tètè máa ń dé, kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rárá, epo tí ó sì ń mu kéré. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó pọ́ọ́kú tí àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ ń yan bẹntiróòlù ti dópin.

Bí ó ti wù kí ó rí, dísẹ̀lì òde òní kì í ṣe ẹgbẹ́ ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí rẹ̀. Ihò nósù rẹ̀ kéré púpọ̀, ipá tí epo fi ń gbà á kọjá sì le kọjá àfẹnusọ. Omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí inú dírọ́ọ̀mù, tí 504 ìbá gbé mì, lè ba nósù náà jẹ́, iye rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò kò ní mọ ibi tí àìsàn wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra onídísẹ̀lì ní láti kọ́kọ́ béèrè ibi tí nósù àti fílítà rẹ̀ wà fún títà, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe nítòsí Kàbà, kí ó tó béèrè iye ọkọ̀. Fílítà tó ń ya omi kúrò lára epo ni kí ó ṣọ́ jù lọ: kí ó máa tú omi rẹ̀ dànù déédéé, kí ó má sì dúró de ìgbà tí iná ìkìlọ̀ bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.