Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́: Ìjọba Ọba tí Wọ́n Gba Ìlú Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bí èèyàn bá gba ojú omi kúrò ní Agbówà Ìkòsì, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ó sì fi Èjìnrìn sí apá òsì, Ẹ̀pẹ́ ni yóò gúnlẹ̀ sí. Bí ó bá sì yí ọkọ̀ padà, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀sà kan náà ni yóò gbé e kọjá níwájú Ìkòròdú títí yóò fi dé Èkó Akété, ilé ọgbọ́n. Ọ̀nà omi yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́, nítorí òun ni ìjọba kan tí ogun ti fọ́, tí ọ̀tá ti kà mọ́ òkú, fi ṣe odi, tí ó fi ṣe oko, tí ó sì fi wà láàyè fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá láàárín àwọn alágbára tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbé e mì. Ìjọba Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, ni mò ń wí. Kì í ṣe èyí tí ó ṣe ní Èkó láti 1845 dé 1851, tí àwọn òpìtàn ti sọ títí tí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n, bí kò ṣe èyí tí ó ṣe ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí adé ti ṣí lórí rẹ̀. Lójú tèmi, Ẹ̀pẹ́ gan-an ni ọgbọ́n ọkùnrin náà ti fara hàn.

N kò ní fa ìtàn bí ó ti gorí oyè gùn. Ọmọ ọmọ Ológun Kútẹ̀rẹ̀ ni, àbúrò baba rẹ̀ sì ni Akítóyè tí wọ́n jọ du ìtẹ́. Ìjà òun àti Elétù Òdìbò, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn afọbajẹ, ni ó lé e dé Àjúdà. Nígbà tí Akítóyè sì jọba ní 1841, ó ránṣẹ́ pè é wálé, ó fi í jẹ Ọlọ́jà Èrèkò, kò gba ti Elétù tí ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 1845 Ogun Olómiró bẹ́ sílẹ̀ láàárín Akítóyè àti Kòsọ́kọ́. Elétù bá a lọ, Akítóyè sá dé Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Àgbádárìgì, ó sì ṣèlérí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá lè dá òun padà sórí ìtẹ́, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú.

Òwò ẹrú yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ewé bò nítorí pé ó ń yin ọba. Inú rẹ̀ ni ọrọ̀ Kòsọ́kọ́ ti wá, inú rẹ̀ náà ni ọrọ̀ ilé baba Akítóyè ti wá, àwọn tí wọ́n sì kó gba ọ̀nà ọ̀sà yìí lọ sí Bràsílì àti Kúbà, ọmọ èèyàn ni wọ́n, tí ìyá wọn sọkún wọn títí dójú ikú. Ohun tí mo ń gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ọkùnrin náà ti mọ ìjọba í ṣe, n kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wá dá Akítóyè padà, Kòsọ́kọ́ lé wọn padà sínú òkun. Nígbà tí wọ́n tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ wọn kan tí à ń pè ní Teazer há sórí yanrìn, tí ìbọn Kòsọ́kọ́ sì pa ju mẹ́wàá nínú wọn lọ, iná tí wọ́n sọ sí ìlú ní ọjọ́ kejì kò ṣeé pa. Ariwo àgbá àti iná yẹn ni àwọn Èkó fi sọ ogun náà ní Ahóyaya. Ní òru, Kòsọ́kọ́ kó àwọn tirẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n wọ inú ọ̀sà lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1852, Akítóyè ti ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn tí wọ́n gbé e padà.

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Kòsọ́kọ́ kò sá lọ ní òun nìkan. Àwọn jagunjagun bá a lọ, àwọn ìjòyè bá a lọ, àwọn Mùsùlùmí Èkó tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bá a lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, Òṣòdì Tápà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá: ọmọ Tápà tí a mú wá sí ààfin Òṣìnlókun bí ẹrú, tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ di ọlọ́jà àti olórí ogun. Ọ̀dọ̀ Awùjalẹ̀, ọmọ Ọbańta, ọba Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ni wọ́n sá sí, òun ni ó sì yọ̀ǹda Ẹ̀pẹ́ fún wọn láti tẹ̀dó. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Èkó tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ jẹ́ ẹ̀rù fún Ìjẹ̀bú, ọba tí ó sì ti mọ ìwọlé àti ìjáde Èkó, tí ó ní ọmọ ogun àti ọkọ̀ tirẹ̀, jẹ́ ọgbà tí a lè mọ sí etí omi láìná kọ́bọ̀. Kòsọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi gbà á, kò sì ṣe ju ohun tí àlejò lè ṣe lọ. Ó fi Ọlọ́jà Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ sáyè rẹ̀, ó sì to àwọn ìjòyè tirẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, oyè pé oyè, bí ẹni pé Ìdúngánrán ni wọ́n ṣì wà.

Báyìí ni ìlú kan di ilé ọba méjì, tí àwọn alágbára sì yí i ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Èkó, Akítóyè wà pẹ̀lú Kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì àti ọkọ̀ ogun. Ní àríwá, Awùjalẹ̀ wà, ẹni tí ojú rere rẹ̀ lè yí padà. Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ọ̀rẹ́ Akítóyè, ń ṣọ́ ọ̀nà Ògùn, Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé sì ń wá ojú ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù yóò fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣòwò Òyìnbó náà wà níbẹ̀, tí wọn kò ní ọba méjì ju epo lọ. Gbogbo wọn ń ṣe tiwọn ní àṣegbà. Bí ẹnì kan bá ti ṣí ọwọ́, gbogbo àwọn tó kù yóò tún ìṣirò wọn ṣe. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀ta ayò tí ọmọ ayò rẹ̀ kù díẹ̀ mọ bí nǹkan ṣe ń rí: kì í kánjú ta, ilé ọmọnìkejì ni ó máa ń kà kí ó tó ka tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ìbínú ni Kòsọ́kọ́ fi ta ọwọ́ àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1853, nígbà tí ìjòyè bíi Pòsú ti ṣọ̀tẹ̀ sí Akítóyè nínú Èkó, àwọn ọkọ̀ ogun Ẹ̀pẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀sà wá, wọ́n kọlu ìlú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún padà wá. Ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án Akítóyè wàjà, ṣùgbọ́n Kọ́ńsù Benjamin Campbell kò jẹ́ kí ìtẹ́ tutù kí ó tó rí i pé Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ gorí rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Láti ìgbà náà ni Kòsọ́kọ́ ti lọ wá èèkù idà, kò sì wá a sí ojú ogun mọ́. Inú epo pupa ni ó ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ epo yìí ti rí, nítorí òun gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Láti inú abúlé ni wọ́n ti ń ru epo nínú ìkòkò wá sí àwọn ọjà etí omi, Èjìnrìn sì ni olórí wọn, níbi tí ará òkè àti ará etí òkun ti ń pàdé, tí wọ́n ń fi epo, àgbàdo àti eyín erin gba iyọ̀, aṣọ, ọtí àti ìbọn. Ní èbúté wọ́n á dà á sínú àgbá, wọ́n á yí àgbá náà sínú ọkọ̀ igi, ọkọ̀ á sì forí lé Èkó. Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá ti Èjìnrìn tàbí ìhà Agbówà bọ̀, ẹni tí ó bá ní ọmọ ogun lórí omi lè dá a dúró. Kòsọ́kọ́ ní wọn. Ó tún ní ohun tí ó ju wọn lọ: ní etí òkun, ní ìhà Orímẹ̀dú, ibì kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Palma, tí ọkọ̀ òkun lè dúró síwájú rẹ̀ láti kó epo láìdé ẹnu odò Èkó rárá, ẹnu odò tí yanrìn rẹ̀ ti fọ́ ọkọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Epo tí ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Palma kò san owó ibodè fún Dòsùnmú, bẹ́ẹ̀ ni kò bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti kọ́lé sí Mààrínà.

Èyí ni ó mú Campbell wá sí ìdí ọ̀rọ̀. Ìbọn lè gba Èkó, kò lè pàṣẹ fún elépo kí ó gbé epo rẹ̀ gba ibi tí kò fẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ ṣèlérí pé òun kò ní fi ogun tàbí ẹ̀tàn gba Èkó mọ́, pé òun kò sì ní ta ẹrú mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Palma jẹ́ èbúté tirẹ̀, pé yóò máa gba ẹgbàá owó ẹyọ kan lórí àgbá epo kọ̀ọ̀kan tí ó bá gba ibẹ̀ jáde, àti pé òun fúnra rẹ̀ yóò máa gba ẹgbàáwàá lọ́nà igba owó ẹyọ lọ́dọọdún títí ọjọ́ ayé rẹ̀, tàbí ẹgbẹ̀rún kan dọ́là dípò rẹ̀. Kí ẹni tí kò ka owó ẹyọ rí lè mọ ohun tí mò ń sọ: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù fún ọkùnrin alágbára. Igba ọ̀kẹ́ ni owó ọdún náà. Igba ọkùnrin ni yóò fi orí rù ú, tí wọn yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti èbúté dé ààfin, lójú gbogbo ọjà.

Àwọn kan sọ pé ó ta Èkó níjọ́ náà. N kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Èkó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi tà á. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ohun tí kò lè gbà, ohun tí ó sì gbà ni èyí tí apá rẹ̀ lè ká: èbúté, owó ibodè, àti ìwé tí ọ̀tá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé ọba ni. Ẹ tún wo ẹni tí ó jókòó sí ààfin Èkó. Campbell kú ní 1859, Brand tí ó rọ́pò rẹ̀ kú, Foote tí ó tẹ̀ lé e kú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì pinnu pé àwọn kò fẹ́ ṣọ́ Èkó fún ọba kan mọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus níwájú ìlú, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó fún Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní àwọn yóò máa fún un ní 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún. Owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti Kòsọ́kọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti lọ. Ẹni tí a lé jáde ṣì ní èbúté tirẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Èkó ti di ti Ọbabìnrin, Palma àti Lẹ́kí di ihò tí owó ibodè ń gbà jò, ogun Ìjàyè tí ó bẹ́ ní 1860 sì ti dí ọ̀nà òkè. Kòsọ́kọ́ kò dúró kí wọ́n wá bá òun. Ní 1862 ó padà sí Èkó pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Gẹ̀ẹ́sì, owó ọdún £400 sì jẹ́ tirẹ̀; ní 1863 ó fọwọ́ sí i pé òun fi Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀. Pòsú, ìjòyè tí ó ti ṣọ̀tẹ̀ sí Akítóyè, kò bá a lọ. Ó dúró ní Ẹ̀pẹ́, ó kọ̀, ní ọdún náà gan-an sì ni ìbọn Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lé Ẹ̀pẹ́ lórí. N kò lè bú Pòsú, akin ni. Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ ni ó kó àwọn èèyàn tirẹ̀ délé láàyè.

Òṣòdì Tápà tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Èkó fún àwọn tí wọ́n bá wọn ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, ó sì kú ní 1868. Kòsọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní 1872. Àwọn tí kò padà ni à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, àwọn ni wọ́n sì ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀ lọ́dọọdún ní ìrántí bí Kòsọ́kọ́ ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nínú ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà, 1845 sí 1851 nìkan ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ láti Ìkòròdú dé Agbówà, láti Agbówà dé Ẹ̀pẹ́, kí ẹ máa fi 1852 sí 1862 kún un nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn, kí ẹ sì fi èbúté tí ó wà nítòsí yín hàn wọ́n.