Pijó 504: Ọmọ Ìyá Kan Náà, Ìwà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ẹ bi àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn léèrè mọ́tò tó gbajúmọ̀ jù lọ nígbà ayé Náírà olówó iyebíye, ìbáà jẹ́ Dùgbẹ̀ lẹ ti pàdé rẹ̀ tàbí Bódìjà, Pijó 504 ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n 504 wo? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, nítorí mẹ́ta ó kéré tán ni àwọn ọmọ ìyá yìí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò sì bára mu.

Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Pininfarina, àwọn ará Ítálì tó mọ̀ nípa yíya àwòrán mọ́tò, ló bá wọn fún un ní ìrísí. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa ní Kàdúná.

Ẹ jẹ́ ká mú eléré ìje ṣáájú. Kúpé ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Láti 1974 ni wọ́n ti ń fi ẹ́ńjìnnì V6 tó jẹ́ 2,664 cc sínú rẹ̀. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi í gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà, ó tún fi í gba ti Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. Òkúta, eruku àti ẹrẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá, kì í ṣe títì ọ̀dà. Mọ́tò yẹn dára, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló fojú kàn án ní Ring Road?

Èkejì ni sálúùnù onílẹ̀kùn mẹ́rin, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ má fojú di òun náà o. Sálúùnù ni Ove Andersson gùn nígbà tó gba Safari ti 1975, àfi pé ẹ̀rọ tó ń fún epo wọ ẹ́ńjìnnì ló wà nínú tirẹ̀ dípò kábúrétọ̀. Àṣírí sálúùnù yìí wà lẹ́yìn: táyà kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbéra. Bí ti ọ̀tún bá já sí kòtò, ti òsì kò ní í bá a lọ. Ìdí nìyí tí ara fi ń tu ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ní kí àwọn aláṣẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò olówó ńlá, 504 yìí ni wọ́n bọ́ sí. Àmì kékeré tó wà lẹ́yìn búùtù, GL, GR tàbí SR, làwọn aráàlú sì fi ń díwọ̀n ipò ọ̀gá.

Ẹ̀kẹta ni wágọ̀n, tó jáde ní 1971. Tòun gùn díẹ̀: láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ 290 sẹ̀ǹtímítà, ti sálúùnù sì jẹ́ 274. Irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, sípíríngì mẹ́rin ló sì gbé e ró. Kò tuni lára tó ti sálúùnù, ṣùgbọ́n ẹrù kì í tètè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun ni ọ̀rẹ́ mẹkúnnù. Nígbà tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, wágọ̀n gba ọ̀nà kan. Oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ láti Àgbọ́wọ́, ìyàwó tuntun, gbogbo wọn ló gbé.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé a kò mọ ìwọ̀n. Ìlà ìjókòó mẹ́ta fún èèyàn méje ni wọ́n ṣe sínú rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà wa ní irọ́ ni: èrò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta lẹ́yìn, ẹrù lókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé Safari ni wọ́n ń sá. Sípíríngì lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n ta ló ní bíréèkì lè dá gbogbo ẹrù náà dúró lórí eré? Ẹ̀mí tó bá irú eré bẹ́ẹ̀ lọ kò kéré. Kò yani lẹ́nu pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, iṣẹ́ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe agbátẹrù rẹ̀, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988.

Faransé dẹ́kun ṣíṣe sálúùnù ní 1983. Kàdúná kò dáwọ́ dúró, ó ń to 504 títí ọ̀rúndún tuntun fi wọlé. Lẹ́yìn tí Náírà já lulẹ̀ ní 1986, tí mọ́tò tuntun di ohun àwòyanu, mẹkáníìkì abẹ́ igi ló dá ẹ̀mí èyí tó wà nílẹ̀ sí, torí pé ẹni tó bá ní sípánà àti làákàyè lè tú u palẹ̀ kó sì tò ó padà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń yin 504 létí yín, ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n ń yìn. Kúpé gba ife ẹ̀yẹ, sálúùnù gbé ọ̀gá. Ṣùgbọ́n wágọ̀n ló gbé ìlú, àwa la sì di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí.