Herbert Macaulay: Ẹnjiníà Tó Fi Ìmọ̀ Rẹ̀ Sin Ará Ìlú

Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí Olóògbé Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ní ìlú Èkó. Ìjọba amúnisìn rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó padà dé, ó di wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898.

Láti ìgbà náà, ìmọ̀ rẹ̀ nípa ilẹ̀ di ohun ìjà fún ará ìlú. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, ó tẹ̀lé Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí London. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà ní kíkún, nítorí pé ti gbogbo àwùjọ ni.

Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, òun fúnra rẹ̀ kò lè du ipò. Síbẹ̀, kò fà sẹ́yìn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí àìsàn kọlù ú ní Kánò lẹ́nu ìrìn-àjò ẹgbẹ́ NCNC. Ó jáde láyé ní Èkó ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946.

Bí a bá ń gba òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọjá ní Yábàá, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ènìyàn lè sin ìlú láìjókòó sórí àga oyè.