Igba Ènìyàn Ní Í Tọ́ Ọmọ: Ìtàn Àwọn Ọmọ Tí Oṣù Wọn Kò Pé àti Ojúṣe Wa sí Òbí Wọn

Bí obìnrin bá bímọ láàrin wa, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni à ń kí i, nítorí àwọn baba wa mọ̀ pé ewu ń bẹ nínú ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń kí ìyá tí ó bímọ ní oṣù keje, tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí gíláàsì ní ọsibítù? Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í kí i rárá. A máa ń dúró kí ọmọ kọ́kọ́ délé ná. Ìdí nìyí tí a fi gbé ìtàn yìí kalẹ̀.

Ní ọdún 1880 tàbí àsìkò tó sún mọ́ ọn, dókítà kan ní ìlú Paris, Stéphane Tarnier, rí ẹ̀rọ kan ní ọgbà ẹranko tí ń mú ẹyin adìẹ móoru bí ìgbà tí àgbébọ̀ bá sàba. Ó rò ó pé ohun tí ó ṣe òròmọdìẹ lóore lè ṣe ọmọ ènìyàn náà lóore. Wọ́n kan irú rẹ̀ fún un, ó sì gbé e sí ilé ìgbẹ̀bí. Tẹ́lẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò wọ̀n tó kílò méjì, 66 ni ó ń kú. Lẹ́yìn tí àpótí náà dé, ó wálẹ̀ sí 38. Bí íńkúbétọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Pierre Budin, tí ó tẹ̀ lé Tarnier, ṣàkíyèsí ohun mìíràn. Ọmọ ń yè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ìyá tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ń tutù sí i. Ó ní kí àwọn ìyá máa wá wo ọmọ wọn, kí wọ́n sì máa fún wọn lọ́mú. Ọ̀pọ̀ ọsibítù kò gba ìmọ̀ràn yìí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1903 sí 1943, Martin Couney ń pàtẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú íńkúbétọ̀ ní ibi ìgbafẹ́ Coney Island. Owó tí àwọn òǹwòran ń san ni ó fi ń tọ́jú wọn, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. Ní àwọn ọsibítù ńkọ́? Ìbẹ̀rù àkóràn mú kí wọ́n ti òbí mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1970 ni àwọn dókítà Yunifásítì Stanford tẹ ìwádìí wọn jáde pé àwọn jẹ́ kí ìyá wọlé kí ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀, àkóràn kò sì tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá sún mọ́ wa ni Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà. Ní ọdún 1978, íńkúbétọ̀ kò tó, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ń sùn pọ̀ nínú ẹyọ kan, wọ́n sì ń kó àrùn ran ara wọn. Dókítà Edgar Rey wá ní kí ìyá so ọmọ mọ́ àyà, ara kan ara, bí ẹranko kangarú ṣe ń gbé ọmọ rẹ̀, kí ó sì máa fún un ní wàrà ọmú. Àwa tí a mọ iyì ọ̀já, ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? Ẹ̀yìn ni a ń pọn ọmọ sí, tiwọn wá sí àyà.

Ní ọdún 2021, ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tanzania àti Nàìjíríà jáde. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà. Ọmọ tí ó lé ní 3,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n wọ̀n láti kílò kan sí kílò kan àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀. Àwọn tí wọ́n so mọ́ àyà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí wọn, 12 ni ó kú nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí íńkúbétọ̀ títí ara wọn fi balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Bí ó bá rẹ ìyá, ìbátan rẹ̀ ni ó ń gba ọmọ náà mọ́ àyà. Ní ọdún 2022, Àjọ náà dámọ̀ràn pé kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì máa ran àwọn ẹbí lọ́wọ́.

Ìbátan! Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ní ìdálẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bí ìbejì ní oṣù keje ní ìlú yìí. Ìyá rẹ̀ wà nílé, ọ̀nà kò dára, kò lè wá. Ọkọ ń sáré láti ọ́fíìsì sí ilé ìtajà oògùn. Ìyá ìkókó ń sùn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwa kan wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí ilé wọn fún ìsọmọlórúkọ, a bá ilẹ̀kùn ní títì, a sì padà. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ nígbà náà. A ṣe ìpàdé oṣù, a jíròrò lórí aṣọ ọdún, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dárúkọ wọn. Ìyá àgbàlagbà kan tí kò ní ipò kankan nínú ẹgbẹ́ ni ó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó sì ń mú ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì lọ sí ilé-ìwé. Táyéwò ni wọ́n gbé wálé. Kẹ́hìndé kò dúró. A kò sọ pé àbẹ̀wò wa ìbá dá a dúró, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò bá má dá sunkún.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ pé kí a yan ìyá mẹ́ta tí yóò máa pín ọjọ́ oúnjẹ láàrin wa bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣù fún oògùn àti ọkọ̀ wíwọ̀. Kí ẹnìkan máa mójú tó àwọn ọmọ tó kù nílé. Bí dókítà bá gbà, kí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ìyá gba ọmọ mọ́ àyà kí òun náà lè sùn. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a yé bi í pé kí ló jẹ tí ọmọ fi kéré. "Ẹ kú ewu ọmọ" náà ni kí a kí i, láti ọjọ́ kìíní.

Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ní ìdálẹ̀ yìí, àwa ni igba náà. Ọmọ kò ní bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àṣẹ.