Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́, àti ibi tó ti léwu nínú ìwé àdéhùn ilé

Tí òyìnbó bá ní nǹkan ń ṣẹlẹ̀ “once in a blue moon”, ohun tó ń sọ ni pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Kì í ṣe pé òṣùpá yí àwọ̀ padà o. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní “blue moon” lóde òní ni òṣùpá àrànmọ́jú kejì nínú oṣù kan ṣoṣo. Nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ló máa ń wà láàárín àrànmọ́jú kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tí méjì kì í fi í sábà bọ́ sínú oṣù kan náà. Ó tó bí ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lọ́jọ́ 1 àti ọjọ́ 31.

Àkànlò èdè náà ti pẹ́, àmọ́ àṣìṣe ló bí ìtumọ̀ yìí. Ìwé ìròyìn Sky & Telescope ti Amẹ́ríkà ló ṣi àlàyé kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan túmọ̀ lọ́dún 1946. Nígbà tó di 1980, ètò rédíò StarDate gbé e sáfẹ́fẹ́, ló bá tàn kálẹ̀. Rédíò náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀!

“Once in a while” àti “every now and then” kò jìnnà sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. “Off and on” ni ti nǹkan tó ń dáwọ́ dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀, bí òjò oṣù keje. “Hardly ever” ló ń mú èèyàn ṣìnà: “kì í sábà” ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà ẹni tó bá ní “I don’t hardly ever travel” ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó yẹ ká fojú sí dáadáa ni “from time to time”. Lẹ́nu lásán, látìgbàdégbà ni. Ṣùgbọ́n tó bá wọ ìwé àdéhùn, bíi “the landlord may review the rent from time to time”, kò sọ pé ó máa ṣọ̀wọ́n. Ìgbàkígbà tí onílé bá rí i pé ó yẹ ló lè tún owó ilé yẹ̀ wò, àfi tí ibòmíì nínú ìwé náà tàbí òfin ìpínlẹ̀ bá dè é. Irú gbólóhùn yìí wà nínú ìwé owó yíyá ní báǹkì náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ èlé. Kí ayálégbé tó buwọ́ lù ú, kó ní kí wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò ẹ̀: “not more than once every two years”, ìyẹn ni pé kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kí wọ́n sì kọ iye oṣù tí onílé á fi sọ fún un ṣáájú.