Ta Ló Ní Àṣẹ Ilé? Ìtàn Ilé Ìtọ́jú Arúgbó ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni ibùgbé tí àwọn àgbàlagbà tí àìsàn tàbí ogbó kò jẹ́ kí wọ́n lè dá wẹ̀, dá wọṣọ tàbí dá jẹun mọ́ ń gbé, tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbowó oṣù sì ń tọ́jú wọn tọ̀sán-tòru. Yorùbá ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, nítorí pé nílé ni ènìyàn ti ń jókòó bí ó ti wù ú, tí ó ń sùn nígbà tí oorun bá kùn ún, tí ó sì ń jẹ ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Bí a bá fi òwe yìí wọn ilé ìtọ́jú arúgbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pè é ní ilé láìjẹ́ pé àgbà tí ń gbé inú rẹ̀ ní àṣẹ onílé, àti pé ìtàn àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ìtàn bí wọ́n ṣe ń dá àṣẹ náà padà fún un díẹ̀díẹ̀.

Kí ìjọba àpapọ̀ tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ilé aláìní ni àgbà tí kò ní ẹbí, tí kò sì lówó lọ́wọ́, sábà máa ń já sí. Ìpìlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1601 láti bójú tó àwọn òtòṣì, èyí tí àwọn tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà gbé dání lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n sábà ń kó arúgbó, aláìsàn, wèrè àti ọmọ òrukàn sí, ẹni tí ó bá sì lágbára díẹ̀ ní láti ṣiṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ìtìjú ńlá ni kí ènìyàn parí ayé rẹ̀ síbẹ̀.

Òfin Social Security ti ọdún 1935, tí ó ṣètò owó ìrànwọ́ fún àwọn arúgbó, mi ìpìlẹ̀ ilé aláìní, nítorí pé kò gbà kí ẹni tí ń gbé inú ilé tí ìjọba ń bójú tó rí owó náà gbà. Àwọn arúgbó wá ń kó lọ sí ilé àdáni, níbi tí onílé ti ń gba owó náà lọ́wọ́ wọn fún ibùgbé àti oúnjẹ, òwò tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní ọdún 1954, wọ́n fẹ òfin Hill-Burton ti ọdún 1946, tí wọ́n fi ń kọ́ ọsibítù, lójú kí owó rẹ̀ lè kan ilé ìtọ́jú arúgbó pẹ̀lú, ilé náà sì gba àwòrán ọsibítù: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, yàrá ẹni méjì-méjì lọ́tùn-ún lósì, àti tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì láàárín. Nígbà tí òfin ọdún 1965 dá Medicare sílẹ̀, tí í ṣe ètò ìlera fún ẹni tí ó ti pé ọdún 65, pẹ̀lú Medicaid, tí í ṣe ti àwọn aláìní, owó ìjọba ya wọ inú iṣẹ́ náà, ilé wọ̀nyí sì pọ̀ sí i lọ́nà tí a kò rí irú rẹ̀ rí.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, agogo àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń darí oòjọ́. Wọ́n lè jí arúgbó láìtíì mọ́ kí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ òru lè parí lákòókò. Orí tíréè ni oúnjẹ ń bá wá nígbà tí ilé ìdáná bá ṣetán. Ọjọ́ ìwẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ń bẹ̀rù pé ó lè ṣubú, wọ́n lè fi ọ̀já so ó mọ́ àga. Ètò yìí bá ọsibítù mu, nítorí pé aláìsàn yóò gbàwòsàn, yóò sì padà sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n arúgbó tí a ń sọ yìí kò ní ilé mìíràn tí yóò padà sí.

Àwọn ará ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ká lára kó ara wọn jọ ní ọdún 1975 lábẹ́ ìdarí Elma Holder, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa jà fún àtúnṣe. Ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ yìí gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti bi àwọn arúgbó fúnra wọn léèrè ohun tí ìtọ́jú dáadáa jẹ́ lójú wọn. Ìròyìn tí Institute of Medicine, àjọ àwọn onímọ̀ ìṣègùn, kọ lórí ilé wọ̀nyí tẹ̀ lé e ní ọdún 1986, nígbà tí ó sì di ọdún 1987, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tí ó fún olùgbé ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀, tí ó sì sọ pé a kò gbọ́dọ̀ so ó mọ́lẹ̀ nítorí ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́.

Òfin lè tú ọ̀já, ṣùgbọ́n kò lè lé ìdánìkanwà lọ. Èyí ni dókítà Bill Thomas kíyè sí ní Chase Memorial, ilé ìtọ́jú kan tí ó gba nǹkan bí ọgọ́rin arúgbó ní New Berlin, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ní àrùn mẹ́ta ni ó ń pa wọ́n: ìdánìkanwà, kí nǹkan súni, àti àìlágbára, tí ó túmọ̀ sí kí a máa tọ́jú ènìyàn ṣáá láìsí ohun kan tí òun náà lè tọ́jú. Ní ọdún 1991, ó kó ajá méjì, ológbò mẹ́rin àti ọgọ́rùn-ún ẹyẹ wọ inú ilé náà. Àwọn ẹyẹ náà dé ṣáájú àgò wọn, wọ́n sì ní láti tú wọn sílẹ̀ sínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe irun. Eden Alternative ni Thomas pe ìlànà yìí, ó mú orúkọ náà láti inú ọgbà Édẹ́nì.

Ní ọdún 1997, àwọn tí ń gbìyànjú irú nǹkan báyìí káàkiri pàdé ní ìlú Rochester, ìpàdé náà ni ó sì bí ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Pioneer Network. Ohun tí wọ́n ń lépa ni wọ́n pè ní àyípadà àṣà, lára rẹ̀ sì ni ìtọ́jú tí olùgbé ń darí, èyí tí ó ju kí òṣìṣẹ́ kàn béèrè ohun tí arúgbó fẹ́ kí òun tó pinnu fún un, nítorí pé arúgbó fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu. Ní Providence Mount St. Vincent, ní ìlú Seattle, wọ́n ti pín ilé ńlá náà sí àdúgbò kéékèèké, wọ́n sì gba ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé sínú rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 2003, Thomas àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pa èrò ilé ńlá tì pátápátá. Ní ìlú Tupelo, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, wọ́n ṣí ilé kéékèèké tí wọ́n pè ní Green House, tí ẹni mẹ́wàá ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Olúkúlùkù ní yàrá àti balùwẹ̀ tirẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ń dáná, tábìlì gígùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ti ń jẹun. Shahbaz ni wọ́n ń pe olùtọ́jú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè Páṣíà tí ó túmọ̀ sí àṣá ọba. Òun kan náà ni ó ń dáná, tí ó ń fọṣọ, tí ó sì ń wẹ arúgbó, dókítà sì ń wọlé bí àlejò. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà jà, ìwádìí fi hàn pé ikú àti àkóràn kéré nínú irú ilé kékeré báyìí ju ti àwọn ilé ńlá lọ.

Síbẹ̀, àwọn ilé ńlá ni wọ́n ṣì pọ̀ jù, nítorí pé owó Medicaid kò tó nǹkan, òṣìṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà ló ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú nínú irú ilé wọ̀nyí, àwọn ilé arúgbó sì ti wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, bíi Regina Mundi ti ìjọ Àgùdà ní Mushin, ní ìlú Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ òmíràn, tàbí tí ó ní àgbà ní yàrá ẹ̀yìn ilé tirẹ̀, lè fi ìtàn yìí ṣe òṣùwọ̀n: ibi tí àgbà kò bá ti lè sọ ìgbà tí òun yóò jí àti ohun tí òun yóò jẹ, ọmọ rẹ̀ ìbáà ni ín, ìjọba ìbáà ni ín, àlejò ni ó jẹ́ níbẹ̀.